Ẹ̀yìn Ìyá Mi àti Ẹ̀yìn Ẹṣin

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́. Ẹ má rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Ọmọ mi obìnrin tí àwọn ènìyàn ní kò ní lè dá jókòó láyé ti ń dá jókòó. Àwọn tó mọ̀ wá ní àdúgbò wa ní Ìtìrẹ́ a máa dá mi dúró lójú ọ̀nà, wọ́n á ní, "Ìyá Mojí, ẹ kú oríire o! Ọlọ́run mà ṣe é!" Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá ní a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ni mo fi sínú tí mo ń tutọ́ funfun. Ìyá tó bí mi, tó pọn ọmọ yìí títí egungun ìdí fi ń dùn ún, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bí mo bá pè é lórí fóònù, á dún títí á fi rẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ ọkọ mi ló pè, kíá ló máa gbé e. Á kí ọkọ mi, á kí Mojí, á bèèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, àmọ́ bí ọkọ mi bá ti ní, "Màámi, ìyá Mojí rèé o," á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Ogbómọ̀ṣọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dáa fún gbogbo ayé, èmi nìkan ni kì í dáa fún! Ta ni kí n rò ó fún? Mo ní kí n rò ó fún yín, bóyá ẹnìkan nínú yín ti gba irú ọ̀nà yìí kọjá rí.

Mushin ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo dàgbà sí, kí bàbá mi tó kú tí màámi fi padà sílé ní Ogbómọ̀ṣọ́. Òwú, bọ́tìnnì, síìpù àti irú nǹkan báwọ̀nyẹn tí àwọn télọ̀ ń lò ni mò ń tà ní ọjà Yábàá. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni ọkọ mi, ilé ẹja dídì ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Ijora. Ènìyàn gbọ̀ngbọ̀nràn ni, ó lè gbé páálí ẹja tó tóbi léjìká kó máa súfèé lọ, ṣùgbọ́n bó bá gbọ́ igbe ọmọdé, omi á ti lé sí i lójú. Mojí ni àkọ́bí wa. Ìrọbí mi pẹ́ gan-an lórí rẹ̀, nígbà tó sì jáde, kò ké. Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ yẹn máa ń ṣe sí ènìyàn lọ́kàn. Wọ́n gbá a nídìí, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú, ìgbà tó yá ló wá ké kín-ín bí ọmọ ológbò. Mo rò pé wàhálà ti tán nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rákò kiri, ọrùn Mojí ò tíì gbé orí rẹ̀ dúró. Bí mo bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́, ara rẹ̀ á le gbandi bí igi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á kọjá lórí ara wọn bí àlùmọ́gàjí tí mò ń tà nísọ̀, bí mo bá ní kí n yà wọ́n, á figbe ta. Àwọn kan ní kí n máa fún un ní àgbo, àwọn kan ní kí n wá ilé àdúrà gbé e lọ. Dókítà kan ní ilé ìwòsàn kan ní Yábàá ló wá là mí lọ́yẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ó ní atẹ́gùn kò tó ọpọlọ ọmọ náà nígbà tí mò ń bí i, ibi kan nínú ọpọlọ ọ̀hún sì fara pa, ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ kó máa rán apá àti ẹsẹ̀ níṣẹ́. Orúkọ òyìnbó tó pè é gùn, àwa òbí tí a jọ máa ń pàdé níbẹ̀ kàn ń pè é ní sípí láàárín ara wa. Ó ní kì í ràn, kì í ṣe àfiṣe aráyé, kò sì sí oògùn tó lè mú un kúrò pátápátá. Ó ní ohun tó kù ni pé ká máa kọ́ ara ọmọ náà níṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́, láìsinmi. Mo bi í pé, "Dókítà, ṣé á rìn?" Ó wò mí, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bó ṣe máa jókòó." Mo sunkún láti Yábàá dé ilé.

Nígbà tí màámi gbọ́ pé nǹkan ò rọgbọ, ó fi ìsọ̀ ẹ̀wà àti gàrí rẹ̀ sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin, ó di ẹrù, ó wọ Èkó wá. Ọjọ́ tó dé, Mojí wà lórí ẹní, orí rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Màámi ò tíì mu omi, kò tíì bọ́ bàtà, ó gbé ọmọ náà pọ̀n, ó fi ìborùn gbá orí rẹ̀ mọ́ra, ó ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìwọ máa lọ sí ìsọ̀ rẹ, mo ti dé." Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ìyá mi ni Mojí ń gbé. Ibẹ̀ ló ti ń sùn, ibẹ̀ ló ti ń jí, ibẹ̀ ló ti ń wo ayé. Màámi á pọ̀n ọ́n lọ ra ata, á pọ̀n ọ́n fọṣọ, á pọ̀n ọ́n lọ sí ìsìn ọjọ́ Sunday. Bí àwọn ọmọ àdúgbò bá ń wo itọ́ tó ń dà lẹ́nu ọmọ náà, á ní, "Kí lẹ̀ ń wò? Ẹ ò rí arẹwà rí?" Á máa pè é ní Àjọkẹ́, Àjọkẹ́, títí ọmọ náà á fi rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́, bí kì í bá ṣe ìyá mi, ọjà mi ì bá ti tú, ilé mi pàápàá ì bá ti tú. Mi ò jẹ́ gbàgbé. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí wọ inú egungun.

Ọ̀dọ́bìnrin kan tí à ń pè ní Àǹtí Yétúndé ni físíò, ẹni tó ń fi ìdárayá tú iṣan tó le, tó ń tọ́jú Mojí. Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa na ẹsẹ̀ ọmọ náà láràárọ̀, bí mo ṣe máa fi àyà rẹ̀ lé orí ìrọ̀rí tí mo ká róbótó kó lè máa gbìyànjú láti gbórí sókè, bí mo ṣe máa jókòó lẹ́yìn rẹ̀ tí màá dì í mú níbàdí nìkan kí ara òkè lè máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ó rọrùn láti sọ lẹ́nu, àbí? Ẹ wá wo bí Mojí ṣe ń ké! Gbogbo ojúlé tó wà ní kọrídọ̀ wa ló ń gbọ́. Àwọn aládùúgbò sọ mí lórúkọ, wọ́n ní ìyá tó ń fìyà jẹ alábùkù ara. Ọkọ mi á sáré wọ aṣọ iṣẹ́, á jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kó má baà gbọ́. Ṣùgbọ́n màámi ò ní ibì kankan tó máa sá lọ. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á káwọ́ lérí. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ṣé ìwọ lo bí ọmọ yìí ni, àbí ńṣe lo jí i gbé?" Mo ní, "Màámi, ẹ ṣe sùúrù, wọ́n ní bí a ò bá nà án, á tún le sí i ni." Ó ní, "Ta ní ní kó nà? Èmi ti sọ pé mi ò lè gbé e ni?"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a yí. Bí mo bá ti jáde lọ sọ́jà, iṣẹ́ físíò parí nìyẹn, ọmọ ti bọ́ sẹ́yìn ìyá àgbà. Mi ò bínú sí i. Ta ló lè bínú sí ìfẹ́? Ṣùgbọ́n Mojí ń dàgbà, ó ń wúwo, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gùn wálẹ̀ dé orúnkún màámi. Ilé ìwé tí mo mú un lọ ní Súrúlérè ní àwọn máa gbà á, bó bá ṣáà ti lè jókòó lórí àga kó má ṣubú. Kò lè jókòó. Ibi tí kì í ti í ṣubú kò ju ẹ̀yìn ẹnìkan ṣoṣo lọ, arúgbó sì ni ẹni ọ̀hún.

Ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ti ń bà mí ló padà ṣẹlẹ̀. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kan, pátákó tí a fi ṣe afárá sórí gọ́tà iwájú ilé wa ń yọ̀. Màámi ń ti ibi tó ti lọ lọ ata bọ̀, Mojí wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní ẹsẹ̀ màámi kan ló yẹ̀. Kò jẹ́ kí òun fi ẹ̀yìn lulẹ̀, ó fi gbogbo ara yí padà, ó fi orúnkún àti igbá àyà lélẹ̀, kí ọmọ má baà fara pa. Nígbà tí wọ́n pè mí dé láti ọjà, Mojí ò ní ọgbẹ́ kan lára, ṣùgbọ́n orúnkún ìyá mi ti wú tó ìkòkò ọbẹ̀. Mo bú sẹ́kún. Ó ní kí n dákẹ́, ó ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn, òun sì ti wo ẹ̀yìn òun, ọmọ náà ò ní nǹkan kan. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí orúnkún yẹn tó fà, ó tún ti ń tọrọ ìborùn!

Nígbà tí mo ròyìn fún Àǹtí Yétúndé, ó ní, "Ìyá Mojí, ṣé ẹ̀rù ẹṣin ń bà yín?" Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní òun àti àwọn físíò bíi mélòó kan ti ń bá ọkùnrin kan ṣiṣẹ́, ọlọ́pàá ẹlẹ́ṣin ló jẹ́ kó tó fẹ̀yìntì, ọmọ Ìlọrin, ó sì ní ẹṣin tó máa ń mú wá sí pápá ilé ìwé kan ní Súrúlérè ní ọjọ́ Sátidé. Ó ní bí ẹṣin bá ń rìn, bó ṣe ń mi ìbàdí ẹni tó wà lórí rẹ̀ ni ìbàdí ẹni tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ṣe máa ń mì. Ọmọ tí kò rìn rí á wá máa rí ìrìn kọ́ láti inú ara ẹṣin. Ó ní ara ẹṣin gbóná, ooru yẹn máa ń tú iṣan tó bá le, àti pé bí ẹṣin bá ṣe ń gbésẹ̀, ọmọ náà kò ní lè ṣe kó má wá bó ṣe máa dúró ṣinṣin. Ó ní kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu o, ó ní àwọn ọmọ kan wà tí kò ṣe púpọ̀ fún. Mo rò ó títí. Ọkọ mi ní, "Bí ẹ bá ti lè dì í mú dáadáa, ẹ jẹ́ ká gbìyànjú rẹ̀." Màámi ní tirẹ̀ wò wá bí ẹni tó ń wo wèrè. "Ọmọ tí kò lè jókòó lórí ẹní, ẹ fẹ́ gbé e gun ẹṣin! Ẹ ò gbọ́ pé bó pẹ́ bó yá, ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀?"

Síbẹ̀ ó tẹ̀ lé wa lọ. Ẹṣin tí wọ́n mú wá jẹ́ abo, ó dúdú kirikiri, Dúdúyẹmí ni wọ́n ń pè é. Sájẹ́ǹtì, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pe ọlọ́pàá ọ̀hún, di ìjánu rẹ̀ mú. Kò sí gàárì lórí rẹ̀, bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀ kí ooru ara ẹṣin lè dé ara ọmọ. Wọ́n dé akoto sí Mojí lórí, Àǹtí Yétúndé dúró lápá ọ̀tún, físíò kejì dúró lápá òsì, wọ́n gbé e sókè. Igbe tí ọmọ yẹn ké! Ara rẹ̀ le, ojú rẹ̀ yọ síta, ó ń wá ìyá àgbà kiri. Dúdúyẹmí kò ṣe nǹkan kan o, ó kàn sín ni, bí ènìyàn ṣe ń sín. Màámi fò dìde lórí bẹ́ǹṣì. Pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún yẹn, ó sáré la pápá já, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Ẹ gbé e fún mi! Mo ní kí ẹ gbé ọmọ mi fún mi!" Sájẹ́ǹtì dá ẹṣin dúró. Màámi ti kẹ̀yìn, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí wọ́n ṣáà gbé e lé òun lẹ́yìn.

Àǹtí Yétúndé kò kanra mọ́ ọn, kò sì pariwo. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sọ ọ́, ó tilẹ̀ kúnlẹ̀ kó tó sọ ọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Ọmọ tó bá wà lẹ́yìn yín ní gbogbo ìgbà, kò sí ohun tó máa mú kí ẹ̀yìn tirẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀." Màámi nàró. Èmi ló wò. Ó ń dúró kí n sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ará, kí ni ǹ bá sọ? Ṣé kí n ní irọ́ ni físíò ń pa ni? Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣé kí n ní òótọ́ ni? Lójú ìyá tó fi orúnkún rẹ̀ gba ọmọ mi sílẹ̀ lọ́wọ́ gọ́tà? Mo wolẹ̀. Ìgbà tí mo fi máa gbójú sókè, màámi ti ń lọ, ó ń tiro lọ sí ẹnu géètì.

Nígbà tí a délé, ó ti di ẹrù rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó ní, "Èmi ni mi ò jẹ́ kí ọmọ rẹ rìn, ṣebí bẹ́ẹ̀ ni? Ó dáa. Mo ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀." Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Ọkọ mi náà ló sìn ín dé Jíbówú, ó wọ mọ́tò Ogbómọ̀ṣọ́. Mojí ń na ọwọ́ rẹ̀ kan tó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ẹkún tó sun lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe ẹkún ẹsẹ̀ nína.

Mo rò ó pé kí n pa ọ̀rọ̀ ẹṣin tì. Ọkọ mi ló ní bí a bá pa á tì, a ti pàdánù ìyá, a tún pàdánù ohun tí a tìtorí rẹ̀ pàdánù ìyá. A padà lọ. Mojí tún ké. A tún padà lọ, ó ké, ó dákẹ́, ó ń wo etí ẹṣin. Ìgbà tó ṣe, mo rí i tó ki ìka rẹ̀ bọ inú gọ̀gọ̀ Dúdúyẹmí, ó ń fà á, ó ń rẹ́rìn-ín, ara rẹ̀ sì rọ̀ wọ̀ọ̀ bí ìgbà tí oorun bá ń gbé e lọ. Mi ò rí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kó là gbàgàdà bẹ́ẹ̀ rí láìjẹ́ pé ènìyàn fà á. Àǹtí Yétúndé á ní kó nawọ́ mú bọ́ọ̀lù pupa, á gbé e jìnnà díẹ̀ sí i, á tún gbé e lọ sókè, ọmọ náà á ju ara rẹ̀ síwájú, á fà á padà. Sájẹ́ǹtì ní tirẹ̀ ní ẹṣin òun kì í gbésẹ̀ bí ẹni tó gùn ún kò bá pàṣẹ. Á dúró síbẹ̀, á ní, "Ìyàwó mi, àṣẹ dà?" Mojí tí kò sọ ọ̀rọ̀ kan tó já geere rí! Á máa yí ẹnu, á máa yí ẹnu, itọ́ á máa dà, gbogbo wa á dúró. Lọ́jọ́ tó fi ní, "Yáá!" tí Dúdúyẹmí sì gbésẹ̀, ọkọ mi tó ti ń gbé páálí ẹja láti ìgbà èwe rẹ̀ jókòó sínú koríko, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Ẹ má rò pé ó ń lọ geere bẹ́ẹ̀ títí o. Òjò dé, pápá di àbàtà, Dúdúyẹmí tún wá ń wúkọ́. A ò rí ẹṣin gùn fún ìgbà pípẹ́, ara Mojí sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ó ń bínú, kò jẹun, á máa tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà pé ká lọ. Ni ọkọ mi bá kúnlẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní kọrídọ̀, ó fi ọwọ́ àti orúnkún tẹlẹ̀, ó ní kí n gbé Mojí gun òun. Mo di Mojí mú níbàdí, ọkọ mi ń rìn gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀ lọ bọ̀, ó ń sín bí ẹṣin. Àwọn aládùúgbò tó sọ mí ní òǹrorò jáde wá wòran, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, àwọn ọmọ wọn tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ gùn. Láti ìgbà náà ni Mojí ti ní ọ̀rẹ́ ní ilé wa. Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ tí a padà sí pápá, a ò tún bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lónìí, Mojí ń jókòó lórí àga ilé ìwé, ó ń jókòó ti tábìlì. Ó ń di irin ìfirìn mú, á gbésẹ̀ kan, á sinmi, á tún gbé òmíràn. Dókítà ní bóyá ló máa rìn láìdi nǹkan mú. Itọ́ ṣì ń dà, a ṣì ń bá a bọ ṣòkòtò. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ń jókòó, ó ń wo ojú ènìyàn, ó sì ń pàṣẹ fún gbogbo wa nínú ilé!

Nígbà tí ilé ìwé gba ìsinmi, mo gbé e, ó di Ogbómọ̀ṣọ́. Mo ní bí màámi kò bá fẹ́ rí mi, á fẹ́ rí Mojí. Màámi jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìnkùlé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Bó ṣe rí wa, ó da ẹ̀wà nù, ó dìde, ó kẹ̀yìn sí wa, ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, bó ṣe máa ń ṣe. Kò kí mi. Mo gbé Mojí sún mọ́ ọn. Ọmọ náà ní, "Rárá." Ó tọ́ka sí bẹ́ǹṣì. Mo gbé e síbẹ̀, mo fi í sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ igi, ó mì díẹ̀, ó dúró ṣinṣin. Ó fọwọ́ gbá ibi tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ìyá, jókòó." Màámi ṣì bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀. Ó yí orí padà, ó wo ọmọ náà láti òkè dé ilẹ̀. Mo rò pé á fò sókè, á dúpẹ́, á pe aládùúgbò. Ó rọra nàró, ó ní, "Kí wá ni ẹ̀yìn mi wà fún?" Ó wọ yàrá lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ìgbà yẹn ló yé mi. Mo ti ń rò ó pé físíò ló ń bí i nínú, tàbí ẹṣin, tàbí bí mo ṣe dákẹ́. Kò mọ̀ pé mo mọ̀ báyìí. Ìyá mi ti sọ ara rẹ̀ di ẹsẹ̀ fún ọmọ mi, ọmọ mi sì ti ń wá ẹsẹ̀ tirẹ̀. Báwo lẹ ṣe ń tu irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú? Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo jí, mi ò rí Mojí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo yọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Màámi ti wẹ̀ ẹ́ tán, ó tẹ́ ẹní síbẹ̀, ó fi òrí pa á lẹ́sẹ̀, ó ń na orúnkún rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó dúró, ó tún nà án, gẹ́lẹ́ bí físíò ṣe kọ́ mi. Gbogbo ìgbà tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tó káwọ́ lérí, ṣé ó ń kọ́ ọ ni! Mojí ò ké. Mo fà sẹ́yìn kó má baà rí mi. Nígbà tí a fẹ́ máa bọ̀, ó fẹnu ko ọmọ náà lórí, ó wo ojú mi fírí, ó wọlé. Kò sìn wá.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, awakọ̀ kan pe ọkọ mi láti Jíbówú, ó ní ẹrù yín dé láti Ogbómọ̀ṣọ́. Èmi ni mo lọ gbà á. Àpò ńlá kan ni, ó kún fún ewé ẹ̀pà gbígbẹ, èèpo ẹ̀wà àti èèrí bàbà, wọ́n fi okùn dì í ní àdìtúndì. Mo bi awakọ̀ pé ta ni ẹrù náà wà fún. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá ní kí n má gbàgbé o, pé ti ẹṣin ni. Wọ́n ní ẹni tó bá ń pọn ọmọ òun, kò gbọ́dọ̀ fi ikùn òfo pọ̀n ọ́n." Mo dúró láàárín àwọn èrò tó ń wọkọ̀, mo gbá àpò náà mọ́ra, mi ò mọ ìgbà tí ẹkún gbọ̀n mí. Mo pe màámi níbẹ̀ láti dúpẹ́. Fóònù dún títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọkọ mi ní kí n ní sùúrù, pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, pé ẹni tó ti ń bọ́ ẹṣin kò ní pẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Àbúrò màámi ní kí n wá gbé e, kí n kó ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀ bó fẹ́ bó kọ̀. Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì? Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ọmọ bíi Mojí nílé, ẹ má dáwọ́ ẹsẹ̀ nína dúró nítorí ẹkún, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọmọ yín kò lè ju bó ṣe wà lọ. Àmọ́ mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó sọ ọmọ kalẹ̀ lẹ́yìn ẹni tó ń pọ̀n ọ́n, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ẹni ọ̀hún máa jókòó sí. Ní Sátidé yìí, Dúdúyẹmí jẹ ewé ẹ̀pà Ogbómọ̀ṣọ́ láti ọwọ́ Mojí. Ọkọ mi yà wọ́n ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí fóònù àbúrò màámi. Wọ́n ní màámi gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó títí, ó ní, "Ẹṣin yìí mà rù o. Mo tún máa dì sí i."